Ẹ̀rín Tí Ọláníkẹ́ Rín ní Ọ̀yìngbò

Ní òwúrọ̀ Sátidé, iwájú ilẹ̀kùn ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni Màmá da omi tó fi bọ́jú sí. Gọ́tà wà lẹ́yìn ilé. Gbogbo ará ilé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, Màmá fúnra rẹ̀ ló sì máa ń bá àwọn ayálégbé jà pé kí wọ́n má da omi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ọkọ òun. Nígbà tí Ọláníkẹ́ ṣílẹ̀kùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀ pé omi wà níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé dáadáa lẹ jí?"

Ilẹ̀kùn yàrá òdìkejì ni Màmá kọjú sí, òun ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Ó rí mi lónìí o. Ojú ti là. Ojú tí ò ríran lọ́jọ́bọ̀ ti là ní Sátidé. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Ilẹ̀kùn òdìkejì ṣí díẹ̀. Jemilat, ayálégbé tó ń ta búrẹ́dì níwájú ilé, yọ orí jáde, ó rí Ọláníkẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ nínú omi, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn padà. Kò tì í pa tán. Nínú ilé tí yàrá ti kọjú sí yàrá ní Òtò yìí, kò sẹ́ni tó ń ti ilẹ̀kùn pa tán nígbà tí ìjà bá ń bọ̀.

"Wọ́n ń gbé Àǹtí Gertrude bọ̀ láti ọsibítù lọ́sàn-án yìí," Màmá wí, ó wá kọjú sí i wàyí. "Bùọ̀dá Ọláìtán náà ń bọ̀. Ìkókoré ni kí o sè. Kí o sè é dáadáa o, torí bóyá òun lo máa sè kẹ́yìn nínú ilé yìí."

Ó wọlé lọ. Ọláníkẹ́ dìde, ó fún omi kúrò létí ìró rẹ̀, ó gbé korobá.

Kí ó tó dé ìdí ẹ̀rọ omi, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Jemilat ti gba ẹ̀yìnkùlé, òun ló ń ròyìn.

"Ní kété tí Àǹtí Gertrude bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì l'Ọ́yìngbò, ẹsẹ̀ wọn há sẹ́nu gọ́tà, wọ́n ṣubú, eegun kán. Ariwo ọjà ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́ wọn. Ni wọ́n bá rí ìyàwó yìí lódìkejì títì, wọ́n ń juwọ́ sí i. Ó wò wọ́n o! Ojú kojú. Ó wá rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀rín kẹ̀?"

"Ẹ̀rín! Ẹ̀rín bí ìgbà téèyàn rí àlejò. Ó bá gba ọ̀nà ẹ̀ lọ. Àwọn alágbàrù ló gbé ìyá yẹn dé ọsibítù."

"Ìkà lèyí o. Ṣebí òun náà ló ń bá wọn dirun?"

"Òun mà ni."

Ọláníkẹ́ yọ sí wọn, ẹnu pa mọ́. Ó rí aṣọ pupa kan, ó rí aṣọ búlúù kan, ó rí nǹkan dúdú kan tó tẹ̀ba tó ṣeé ṣe kó jẹ́ ènìyàn tàbí kó jẹ́ ike omi. Kò rí ojú kankan. Ó rẹ́rìn-ín sí gbogbo wọn pọ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o." Bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe. Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ pé kí ó máa rẹ́rìn-ín sí ohunkóhun tó bá ní orí àti èjìká, pé ẹni tí kò bá ríran tó sì dijú mágbárí, agbéraga ni wọn yóò pè é, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín, wọn ò ní bi í léèrè púpọ̀.

"Ẹ rí i?" Jemilat wí lẹ́yìn rẹ̀, kò tiẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀ dáadáa. "Ó tún ń rín in."

Gíláàsì wà lójú Ọláníkẹ́, èyí tó nípọn bí ìdí ìgò, tó sì sọ ẹyin ojú rẹ̀ di wíńtín. Gíláàsì yìí gan-an ló ń bà á jẹ́. Èrò gbogbo wọn, látorí Màmá títí dórí ọkọ rẹ̀, ni pé gíláàsì ni oògùn ojú, pé ẹni tó bá ti gbé e wọ̀, ó ti bọ́. Níbi tí wọ́n ti gbà pé afọ́jú gbọ́dọ̀ na ọwọ́ síwájú kí ọmọ kan máa fi ọ̀pá fà á kiri, ẹni tó bá sáà ti lè rí ìka ọwọ́ ara rẹ̀ ti di aríran. Ó sì ń rí ìka ọwọ́ rẹ̀. Irun dídì niṣẹ́ rẹ̀. Ó máa ń tẹ̀ mọ́ orí oníbàárà títí imú rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan agbárí, yóò sì di irun tó tín-ín-rín tó jẹ́ pé àwọn ọmọge ń ti Surulere wá a wá.

Lọ́dún tó kọjá, dókítà obìnrin kan ní ọsibítù ìjọba ti bá a sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Mà, ẹ̀yìn ojú yín ló ń fẹ́lẹ́, tó ń ya. Gíláàsì ò lè ṣe ju èyí tó ń ṣe yìí lọ. Tí a bá fi ìwọ̀n òfin wò ó, afọ́jú la máa kà yín sí."

Ọláníkẹ́ rẹ́rìn-ín nígbà náà pẹ̀lú. Lákòókò tí dókítà ń sọ̀rọ̀, ó ń ka lẹ́tà kéékèèké tó wà lára bírò tó gbé sún mọ́ imú. "Afọ́jú kẹ̀, dókítà? Èmi tí mò ń bọ abẹ́rẹ́?"

"Ohun tó bá wà nídìí imú yín, ẹ ó rí i. Ẹni tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn ńkọ́? Ṣé ó ń rẹ́rìn-ín ni, àbí ó ń sunkún?"

Ọláníkẹ́ wo ẹnu ilẹ̀kùn. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan wà níbẹ̀. Ó gbé bírò náà kalẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ sílé, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ó gbé omi wọ yàrá, Abọ́dúndé ọkọ rẹ̀ ti wọ bàtà, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kò lọ síbi iṣẹ́. Fíríìjì ló ń tún ṣe nítòsí Ọ̀yìngbò, Sátidé sì lọjọ́ tí iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù. Owó tí wọ́n tọ́jú fún ilé-ìwé ọmọ wọn ti bá ẹsẹ̀ Àǹtí Gertrude lọ. Kò sọ èyí. Kò yẹ kí èèyàn sọ ọ́.

"Sọ òótọ́ fún mi," ó ní. "Ṣé o rí wọn ni àbí o ò rí wọn?"

"Mi ò rí wọn."

"Wọ́n ní o wò wọ́n."

"Mo wo apá ibẹ̀. Mi ò rí wọn, Bàbá Motọ́lání."

"Kí wá ni gíláàsì tó wà lójú ẹ ń ṣe?"

Ọláníkẹ́ ń da omi sínú kẹ́ẹ̀gì, ó sì ń gbọ́ bí omi ṣe ń gòkè sí kó lè mọ ìgbà tó kún.

"Mo mọ̀ pé ojú ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ dáa," ọkọ rẹ̀ wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀ nítorí ògiri. "Àmọ́ tí o bá dé iwájú wọn tí o ní o ò ríran, ìbéèrè ló máa tẹ̀ lé e. Wọ́n á bi mí bóyá mo mọ̀ kí n tó fẹ́ ẹ. Wọ́n á bi mí bóyá ó wà nínú ẹbí yín. Nígbà tí àwọn èèyàn wa wá ṣèwádìí ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ni ìyá ẹ sọ fún wọn?"

"Wọ́n ní ìwé ni mo kà jù."

"Ìwé." Ó mi orí. "Gbọ́, bẹ̀ wọ́n. Sọ pé inú ló ń bí ẹ lọ́jọ́ náà, pé èṣù ló ṣe é. Ìkà tó bá bẹ̀bẹ̀, wọ́n á forí jì í. Afọ́jú, kí ni wọ́n fẹ́ forí jì níbẹ̀?"

Ó sọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú àánú, kí á má purọ́ mọ́ ọn. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó bá ní kí ìyàwó òun lọ gba ìkà mọ́ra kí ojú má baà ti òun, ẹ bá wa wo irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọláníkẹ́ gbé kẹ́ẹ̀gì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó mú ewùrà tó kù, ó jáde.

Lẹ́yìnkùlé, Motọ́lání ọmọ wọn jókòó lórí àpótí, ó ń rin ewùrà lórí rásípù sínú abọ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Ó tẹ orí ba abọ́ náà gan-an, ewùrà ti ta sí i níwájú orí. Ọláníkẹ́ ò rí ìyẹn láti ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn ló rí i, ó sì fi etí ìró nù ún kúrò.

"Gbé orí sókè," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ṣé mo ní kí o máa tẹ orí báyìí níwájú wọn?"

"Mi ò rí ibi tí ọwọ́ mi wà ni, Màámi."

"Mo mọ̀. Gbé e sókè náà."

Ọmọ gbé orí sókè, ó ń fi ọwọ́ wá ojú rásípù. Tíṣà rẹ̀ ti ránṣẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó tì í ló ti ń da gbogbo iṣẹ́ ojú pátákó kọ, pé ọ̀lẹ ni. Ọláníkẹ́ ti nà án nítorí ẹ̀, níṣojú Màmá, nítorí ìyá tó bá na ọmọ nítorí ọ̀lẹ, kò sẹ́ni tí yóò tún máa wá nǹkan mìíràn lójú ọmọ náà. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Ọláníkẹ́ fúnra rẹ̀ sunkún nínú ilé ìwẹ̀.

"Wọ́n lè pè ẹ́ lónìí pé kí o wá kí Àǹtí Gertrude," ó ní. "Báwo lo ṣe máa mọ̀ wọ́n?"

"Aṣọ elésèé àlùkò."

"Tí wọn ò bá ró aṣọ elésèé àlùkò ńkọ́?"

"Màá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Màá gbọ́ ibi tí ẹ ti wúkọ́. Màá kọjú síbẹ̀, màá kúnlẹ̀."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Màá rẹ́rìn-ín."

"Ó káre," Ọláníkẹ́ wí, ó sì gba rásípù lọ́wọ́ rẹ̀ kó má baà fi bó ara rẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀kọ́ tí òun náà gbà nìyẹn, kò sì ní òmíràn láti fún un. Aṣọ elésèé àlùkò náà, Àǹtí Gertrude kì í bọ́ ọ, láti ìgbà tó ti di ìyá ìjọ. Ìró àti ìborùn ni, àwọ̀ rẹ̀ dán tó fi jẹ́ pé Ọláníkẹ́ pàápàá máa ń rí i láti ọ̀nà jíjìn. Ọjọ́bọ̀ nìkan ni arúgbó náà fọ̀ ọ́ sá, tó wọ bùbá ilé kan tó ti ṣá jáde. Bó bá jẹ́ pé ó ró aṣọ rẹ̀ ni, kì bá tí sí ẹjọ́ rárá.

Ìkókoré ti ń tutọ́ lórí iná nígbà tí Màmá yọ sí ẹ̀yìnkùlé, tòun ti abẹ́rẹ́ àti òwú lọ́wọ́.

"Bọ̀ ọ́ fún mi. Mo fẹ́ rán etí ìrọ̀rí tí Àǹtí Gertrude máa gbé ẹsẹ̀ lé."

Ìjà ò ní kí Màmá má lo ojú ìyàwó. Láti ìgbà tí ojú tirẹ̀ ti di ojú àgbà, Ọláníkẹ́ ló ń bọ abẹ́rẹ́ fún un, òun ló ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà, òun ló ń yọ eegun ẹja kúrò nínú ọbẹ̀ rẹ̀. Ọláníkẹ́ ṣí gíláàsì sókè, ó gbé abẹ́rẹ́ súnmọ́ ojú, ó bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Màmá gbà á, ó wò ó, ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ó fi abẹ́rẹ́ gún àyà bùbá rẹ̀, ó lọ.

Wọ́n gbé Àǹtí Gertrude dé lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ẹ̀gbọ́n ọkọ Màmá ni, òun ló dàgbà jù nínú ẹbí, gbogbo ayé sì ń pè é ní Àǹtí, títí kan ọmọ ọwọ́. Wọ́n gbé e gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, sìmẹ́ǹtì funfun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ dé itan, àwọn ayálégbé sì tò sẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n ń kí i kú ewu. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì Màmá ní apá òsì yàrá, wọ́n fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun bò ó. Ooru mú un. Ó bọ́ ìborùn elésèé àlùkò rẹ̀, Abọ́dúndé sì gbà á, ó fi kọ́ orí àga onítìmùtìmù tó wà lápá ọ̀tún. Kò sẹ́ni tó fiyè sí i.

Bùọ̀dá Ọláìtán, àbúrò Àǹtí Gertrude, ni olórí ẹbí. Ó gbàdúrà, wọ́n sì kọ́kọ́ jẹun. Ó jẹ ìkókoré náà, ó tún bu òmíràn, ó ní ẹja ẹ̀ pé, ó ní ọwọ́ ìyàwó yìí dáa gan-an. Ó fọ ọwọ́ tán, ó fi igi tayín sẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," ó ní. "Àǹtí, ẹ sọ ọ́ lójú ẹ̀."

Ọláníkẹ́ wà lórí ìkúnlẹ̀ létí bẹ́ẹ̀dì. Ó súnmọ́ Àǹtí Gertrude tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń gbọ́ òórùn oògùn ọsibítù lára rẹ̀.

"Mi ò ní pariwo," Àǹtí Gertrude wí. "Mi ò lágbára ẹ̀ mọ́. Ọláníkẹ́, orí mi yìí, ta ló ń dì í? Ìwọ lo mọ ibi tí àpá wà lágbárí mi, tí ọkọ mi kú tí ò mọ̀. Mo wà nílẹ̀, mo gbọ́wọ́ sókè, mo rí ẹ. Mo ní Ọlọ́run ṣeun, ẹni mi rèé. O wò mí. O rẹ́rìn-ín." Ó gbé ọwọ́ lé sìmẹ́ǹtì ẹsẹ̀ rẹ̀. "Eegun tó kán yìí ò dùn mí tó ẹ̀rín yẹn."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Ọláníkẹ́ lára ju gbogbo èébú àárọ̀ lọ, nítorí ó fẹ́ràn ìyá náà ní tòótọ́. Ó mọ̀ pé ọkọ òun ń wo òun. Ẹ̀bẹ̀ ìkà ti wà lẹ́nu rẹ̀. Kò lè sọ ọ́ jáde sí ẹni tí òun mọ orí rẹ̀ báyìí.

"Ẹ má bínú mà. Mi ò rí yín. Ọlọ́run ló mọ̀, mi ò rí yín."

"Haa!" Màmá fọwọ́ lu àyà, ó sì rántí ohun tó wà níbẹ̀. Ó yọ abẹ́rẹ́. "Bùọ̀dá, ẹ gba èyí. Ẹ bọ̀ ọ́."

Bùọ̀dá Ọláìtán gbà á. Ó fa òwú tó wà níbẹ̀ yọ, ó na abẹ́rẹ́ jìnnà sí ojú, ó ṣẹ́jú, ó fi òwú gún afẹ́fẹ́ títí. Kò wọlé.

"Ẹ fún ìyàwó."

Wọ́n fún un. Ká ní Ọláníkẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe ni, òwú náà kì bá tí wọlé lọ́wọ́ rẹ̀. Èrò náà sì sọ sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti ń ṣe nǹkan láti ọjọ́ pípẹ́ kì í dúró gbàṣẹ. Ó ti gbé abẹ́rẹ́ dé ìdí imú, òwú ti kọjá, kí ó tó pinnu.

"Ẹ ò rí i?" Màmá wí. "Ojú tó rí ihò abẹ́rẹ́ ni ò rí odidi àgbàlagbà?"

Gbogbo yàrá mí kanlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó bá ọgbọ́n mu, kò sì sẹ́ni tó lè já a. Ó kàn jẹ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀ ni.

"Dókítà sọ fún mi," Ọláníkẹ́ wí. "Wọ́n ní ohun tó bá wà nítòsí nìkan ni ojú mi ń mú. Wọ́n ní tó bá di ti òfin, afọ́jú ni mí."

"Afọ́jú tó ń ka fóònù!" Jemilat ni, lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ẹ jọ̀ọ́ o, mi ò dá sí i, àmọ́ mo máa ń rí i."

"Irú afọ́jú wo nìyẹn?" Bùọ̀dá Ọláìtán bi í. "Abọ́dúndé, ṣé o gbọ́ èyí rí?"

Abọ́dúndé ń wo ilẹ̀. "Rárá, sà."

"Dúró ná," Màmá wí. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Ìbẹ̀rù ló wà níbẹ̀ wàyí. "Ta ló tún fọ́jú nínú ẹbí yín?"

Ọláníkẹ́ gbé abẹ́rẹ́ náà kalẹ̀.

"Bàbá mi."

"Wọ́n ní ibà ló pa bàbá ẹ."

"Ibà ló pa wọ́n, mà. Wọ́n ti fọ́jú kí ibà tó dé."

Màmá rọra jókòó. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ lóòótọ́. Wọ́n wá ẹjọ́ ìkà, wọ́n sì bá ẹjọ́ ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Bùọ̀dá Ọláìtán yọ igi tayín lẹ́nu.

"Tó bá jẹ́ ìkà, kò dáa. Tó bá jẹ́ irọ́ ni wọ́n pa fún wa ká tó gbé ìyàwó, kò dáa. Èyí ó wù kó jẹ́ nínú méjèèjì, kó lọ bá àwọn èèyàn ẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́ ná. Ọmọ á dúró síbí. Ọmọ tiwa ò ní àrùn kankan."

"Ọláìtán," Àǹtí Gertrude wí láti orí bẹ́ẹ̀dì, "ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ."

"Ìyàwó kọ́ lọmọ ẹni, Àǹtí. Ẹ̀yin lẹ fẹjọ́ sùn." Ó gbójú sókè. "Ẹ pe ọmọ yẹn wá. Kó wá kí ìyá àgbà, kí ìyá ẹ̀ sì dágbére fún un."

Ọláníkẹ́ wo apá ibi tí ọkọ rẹ̀ wà. Òjìji ọkùnrin kan ló rí, tó tẹ orí ba. Ó gbọ́ bàtà Motọ́lání lọ́dẹ̀dẹ̀, tó ń ṣe pàkà pàkà, tó sì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ́ ọ.

Gbogbo wọn rò pé ìtìjú ló mú ọmọ dúró. Ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ̀ pé ó ń retí. Ikọ́ náà ti wà lọ́fun rẹ̀. Ó ń rìn ín lọ́fun gan-an. Bó bá wú u, ọmọ yóò kọjú sí bẹ́ẹ̀dì, yóò kúnlẹ̀ níbi tó yẹ, wọn yóò ní ọmọ dáadáa ni, òun yóò sì di ẹrù rẹ̀ lọ. Bí kò bá wú u, wọn yóò rí ohun tí òun rí. Wọn yóò mọ̀ pé òun ò purọ́.

Ó gbé ikọ́ náà mì.

Motọ́lání dúró díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ó rí àwọ̀ elésèé àlùkò lápá ọ̀tún, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Ó rìn lọ síbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, orúnkún méjèèjì kan ilẹ̀, níwájú àga tí ẹnikẹ́ni ò jókòó sí.

"Ẹ kú ọ̀sán mà, Àǹtí Gertrude. Ẹ kú ewu mà. Ṣé ẹsẹ̀ yín ò dùn yín mọ́?"

Ó gbójú sókè sí ìborùn náà, ó sì rẹ́rìn-ín sí i.

Ọwọ́ Bùọ̀dá Ọláìtán dúró lágbede méjì kí igi tayín tó dé ẹnu. Jemilat kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ pa tán. Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì lérí, ó ń wo ọmọ ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wọlé. Abọ́dúndé gbójú sókè, àmọ́ kò wo ìyàwó rẹ̀. Lórí bẹ́ẹ̀dì, Àǹtí Gertrude rí ẹ̀rín náà. Ó mọ̀ ọ́n. Òun kan náà ni wọ́n rín sí i lódìkejì títì lọ́jọ́bọ̀, tí kò dín, tí kò lé.

"Motọ́lání," ó wí, omi ti dé sójú rẹ̀. "Ọmọ mi. Ibí ni mo wà."

Ọmọ náà yí padà lórí orúnkún. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń gbé e kiri inú yàrá láti ọ̀dọ̀ òjìji kan sí òmíràn, kò mọ ẹni tí yóò fún. Ó gbọ́ ẹnì kan tó ń mí gúlegúle létí bẹ́ẹ̀dì, ó sì mọ èémí náà.

"Màámi," ó ní, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, "ẹ ò wúkọ́."